Ẹnu Ọ̀nà Mímọ́ Ni Kí Á Gbà Wọ Yunifásítì

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo agbègbè wa, ẹ̀yin tí ẹ gba máàkì gíga nínú ìdánwò JAMB, tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ wa kàn lóṣù yìí. A máa ń gbọ́ ọ ní ilé-kéwú wa pé, "Mo gba 320 nínú 400, kí ló tún kù?" Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó kù.

Èkíní, JAMB nìkan kọ́ ni Ìbàdàn ń wò. Wọn a máa pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọn a sì fi ìdajì máàkì ìdánwò tiwọn kún un. Ẹni tó gba 320 ní 40 lọ́wọ́. Bí ó bá lọ sùn, tó gba 50 nínú 100 ní Ìbàdàn, àròpọ̀ rẹ̀ di 65. Ẹni tó gba 280 ní JAMB, tó wá gba 70 ní Ìbàdàn, ti ní 70. Ẹni ẹ̀yìn ti di ẹni iwájú.

Èkejì, ìlànà àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé nínú ààyè 100, 45 wà fún máàkì nìkan, 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Èkìtì kò sí lára àwọn tí a kà kẹ́yìn yìí.

Ibí yìí ni Ṣàìtánì ti ń yọjú. Ẹnìkan á ní, "Lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, ta ni yóò mọ̀?" Òmíràn á ní kí bàbá ta oko kókó, kí òun bá wọn wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Ààyè tí a bá fi irọ́ gbà, ọmọ ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Ànábì Yusuf nínú Súrà kejìlá. Ọlọ́hun fún un ní ìmọ̀ ìtumọ̀ àlá, síbẹ̀ inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Ẹni tí ìbá dárúkọ rẹ̀ níwájú ọba gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ọba wá ránṣẹ́ pè é, kò sáré jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun. Ẹnu ọ̀nà mímọ́ ló fẹ́ gbà jáde, bí ó tilẹ̀ pẹ́ sí i. Òun náà ló wá di alákòóso àwọn àká ilẹ̀ Mísírà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ so ràkúnmí yín mọ́lẹ̀, kí ẹ tó gbára lé Ọlọ́hun, bí Ànábì wa ti kọ́ ọkùnrin Lárúbáwá nì. Ẹ múra sí ìdánwò Ìbàdàn bí ẹni tí kò gba nǹkan kan ní JAMB. Ẹ rí i pé èsì WAEC yín ti wà lórí CAPS, ẹ̀rọ tí JAMB fi ń ṣètò ìgbaniwọlé. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ ti so ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí Ìbàdàn kò bá bọ́ sí i, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀yin arábìnrin wa, bí ẹ kò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé ti tán fún yín.

Àìwọlé lọ́dún kan kì í ṣe ìdájọ́ Ọlọ́hun lórí ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ní àǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí á fi irọ́ wá a. Àmín.