Ẹ̀tọ́ Aláìsàn Lára Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Obìnrin Tí Ó Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ẹwà Lẹ́yìn Ọmọ Bíbí

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì ṣe ẹ̀dá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo pa ara mi àti ẹ̀yin láṣẹ ìpáyà Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sọ lábẹ́lẹ̀, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ lórí mìnbárì: ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó bímọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó wá tọ dókítà lọ kí wọ́n gé awọ ikùn rẹ̀ tí ó rọ̀, tàbí kí wọ́n fa ọ̀rá jáde, tí ó sì padà sílé pẹ̀lú ojú abẹ. Ìbéèrè wa nìyí: bí a kò bá fara mọ́ ohun tí ó gbé e dé orí ibùsùn, ǹjẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ lára wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a fẹ́ fi àánú bò ó mọ́lẹ̀. Nínú hadiisi Abdullah ibn Mas'ud tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ègún ń bẹ lórí obìnrin tí ó ń fín ara àti èyí tí ó ń ya eyín rẹ̀ nítorí ẹwà, tí wọ́n ń tipa bẹ́ẹ̀ yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ṣùgbọ́n hadiisi mìíràn wà tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá. Arfajah ibn As'ad pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun Kulab ní ayé àìmọ̀kan, ó sì fi fàdákà ṣe òmíràn. Nígbà tí imú fàdákà náà ń rùn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ni a mọ̀ pé wúrà kò tọ́ fún ọkùnrin. Ní oṣù keje ọdún 2007, àwọn onímímọ̀ fiqh láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè pàdé ní Putrajaya ní Malaysia lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gba iṣẹ́ abẹ tí ó ń dá ẹ̀yà ara padà sí bí ó ti wà tàbí tí ó ń mú àléébù kúrò. Wọ́n kọ èyí tí ènìyàn ń ṣe nítorí ìfẹ́ inú àti àfarawé lásán.

Níbo ni ikùn ìyá ọlọ́mọ wá wà láàárín méjèèjì? Níbí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Iṣan méjì ni ó dúró gbọọrọ níwájú ikùn. Bí oyún bá ti ń dàgbà, wọn á máa ya kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára àwọn obìnrin kan, wọn á tún súnmọ́ra láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Lára àwọn mìíràn, pàápàá ẹni tí ó bímọ léraléra tàbí tí ó gbé oyún ìbejì, àlàfo náà kì í dí mọ́. Ikùn á yọ síwájú bí ẹni pé oyún ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn á máa dùn ún, nígbà mìíràn ìfun á máa ti ìdodo síta. Dókítà tí ó rán iṣan wọ̀nyí papọ̀, tí ó sì gé awọ tí ó ṣẹ́kù, ǹjẹ́ ó yí ìṣẹ̀dá padà ni, àbí ó dá a padà? Lójú tèmi, ó dá a padà ni. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lára, tí ó kàn fẹ́ kí ìbàdí òun jọ ti àwọn tí ó ń rí nínú fóònù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wò láti òdì-kejì títì kò lè mọ èwo ni èwo.

Kí a tó dá obìnrin lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ọkọ léèrè ohun tí òun náà sọ. Ọlọ́hun ka ìnira ìyá nínú oyún mọ́ ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa dúpẹ́, bí ó ti wà ní Suuratu Luqman, ààyá kẹrìnlá. Ọkùnrin kan wá jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń fi ikùn tí ó gbé ọmọ fún un ṣe ẹ̀rín.

Ká tiẹ̀ gbà pé obìnrin náà dẹ́ṣẹ̀, pé ẹwà lásán ni ó ń wá. Àwọn onímímọ̀ mazhab Shafi'i ti wo irú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní: bí ènìyàn bá fò sílẹ̀ láti ibi gíga láìnídìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí ó wá ń kírun ní ìjókòó, ṣé yóò san ìrun wọ̀nyẹn padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá? Èyí tí ó rinlẹ̀ jù lọ́dọ̀ wọn ni pé kò ní san án padà. Òmùgọ̀ ni fífò tí ó fò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó kán ti kán, ìdẹ̀rùn tí Ọlọ́hun ṣe fún aláìsàn sì ti tó o. Bí Ọlọ́hun kò bá fi ìdẹ̀rùn du ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa àìsàn, kí ni àwa fẹ́ fi dù ú sí?

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, nínú Ramadan, bàálù Bellview já ní Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ènìyàn 117 sì kú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, kú ní Marbella ní Spéìnì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ọgọ́ta ọdún. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi àwọn tí ó wà nínú bàálù pé kí ni wọ́n ń wá lọ sí Àbújá. Ṣùgbọ́n ní ti obìnrin yìí, "kí ló ń wá?" ni ó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ní Spéìnì dá dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi àìbìkítà tí ó yọrí sí ikú, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Àwa ti dá ẹni tí ó kú lẹ́bi kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí àwọn arábìnrin wa máa fi ara pamọ́. Yóò ní òun lọ kí àwọn ènìyàn òun ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó bá dé, aṣọ tí ó fún mọ́ ikùn ti wà lábẹ́ búbà. Dókítà ti sọ fún un pé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo, àní ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì pàápàá. Ṣùgbọ́n ọjà Mile 12 kò mọ ìyẹn. Bí alábàárù kò bá tètè dé, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì fúnra rẹ̀, nítorí bí ó bá kọ̀, wọn á béèrè ìdí. Ibẹ̀ ni ojú rírán ti ń tú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mọ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò máa tẹ̀ díẹ̀ bí ó bá ń rìn. Kì í ṣe àṣejù. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn ún, bí èémí rẹ̀ bá ṣàdédé ń gé, bí ibà bá gùn ún tàbí tí ojú abẹ ń rùn, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà kò jìnnà sí wa, nọ́ńbà pàjáwìrì 767 àti 112 sì wà. Kí ẹ sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì nípa ohun tí wọ́n ṣe fún un, nítorí irọ́ lè pa á níbẹ̀.

Ní ti ìrun rẹ̀, ikùn kò sí lára ohun tí a ń fọ̀ nínú àlùwàlá, nítorí náà àlùwàlá rẹ̀ wà bí ó ti wà. Bí ìwẹ̀ ọ̀ranyàn bá kàn án, tí omi sì lè pa á lára, kí ó wẹ ìyókù ara, kí ó fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Bí kò bá lè tẹ̀ tàbí forí kanlẹ̀, kí ó jókòó, kí ó fi orí júwe.

Arábìnrin tí ó ṣì ń gbèrò rẹ̀, kí ó dúró títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ó sì dá a lójú pé òun ti bímọ tán, nítorí oyún mìíràn lè tú iṣẹ́ náà ká. Kí ó wádìí bóyá orúkọ dókítà wà lọ́dọ̀ àjọ MDCN, kí ó sì wádìí ilé ìwòsàn náà lọ́dọ̀ HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tí ń ṣe àkóso àwọn ilé ìwòsàn. Kí ó má sì ṣe yá owó èlé nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ Alásàlátù, nígbà tí obìnrin yìí bímọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe. Omi gbígbóná wà lórí iná, ẹ fi ọ̀já di ikùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó pọnmi títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ikùn kan náà ni ó ń dùn ún báyìí. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ bá a fọ aṣọ àwọn ọmọ, ẹ má sì béèrè ohun tí wọ́n gé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.