Táǹkì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Níbo Ni Ojúlówó Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí fi hàn pé iyì kan wà lára ohun tí ó ti pẹ́, èyí tí ohun tuntun kò lè ní. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí àkísà bá ya tán tí kò sì lè bo ìhòòhò mọ́. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí nìyẹn, àpẹẹrẹ tí n ó sì fi ṣe é ni táǹkì epo inú ọkọ̀ àtijọ́. Bí táǹkì tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ bá jẹrà, tí a yọ ọ́, tí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ ọkọ̀ náà ṣì ni? Bí ó bá ṣì ni, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dákẹ́ nípa ohun tí a pààrọ̀?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí ìlú bí Àjàṣẹ́-Ìpo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Oríta ni ìlú náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti pàdé. Níbi tí ọkọ̀ bá sì ti ń pàdé, mẹkáníìkì kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá. Oṣù Keje ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ní ìlú Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tí ó ju 21,500,000 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lónìí a máa tọ́jú rẹ̀ bí ogún, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni ó rà á.

Ó yẹ kí a mọ bí ohun náà ti rí kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Lára Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ni ó wà lẹ́yìn. Iwájú ni táǹkì wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lọ́kàánkán ẹsẹ̀ àwọn tí ó jókòó níwájú. Nǹkan bí 40 lítà epo ni ó ń gbà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lórí ìdúró tí epo inú rẹ̀ kò kún, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò máa di omi lára irin nígbà tí òtútù òru bá mú. Omi yìí wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ó sì máa ń rì sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yìí, níbi tí ojú kò tó, ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Èérún ìpẹtà a kọ́kọ́ dí ọ̀nà epo àti kábúrétọ̀, ọkọ̀ a sì máa kú lójú ọ̀nà; lẹ́yìn náà, irin a lu, epo a bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nígbà náà ni àríyànjiyàn máa ń dé. Mẹkáníìkì a ní kí a yọ ọ́. Olówó ọkọ̀ a ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, nítorí pé òun kò fẹ́ kí ohun tí bàbá òun fi sílẹ̀ di ohun mìíràn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Plutarch, ará Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni wọn. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun sí i. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá pín sí méjì: àwọn kan ní ọkọ̀ náà ṣì ni, àwọn kan ní òun kọ́ mọ́. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún dá kún un: bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó àtijọ́ náà jọ, tí ó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn bí ti àkọ́kọ́, èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ Theseus? Èdè Yorùbá mú kí ẹjọ́ náà tètè yé wa, nítorí ọkọ̀ ni èyí tí ń rin omi, ọkọ̀ náà sì ni èyí tí ń rin ilẹ̀.

Bí a bá wo àṣà wa, a ó rí i pé àwọn baba wa ti fèsì, bí wọn kò tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ bí ìbéèrè. Nínú àlọ́, Ìjàpá já bọ́ láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ìjàpá náà ni a ṣì ń pè é, àpá ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀kú egúngún ìdílé a máa gbó, wọn a sì máa fi aṣọ tuntun kún un; egúngún náà kò torí èyí yí orúkọ padà. Ọba kan a wàjà, òmíràn a gorí ìtẹ́; Ọlúpo ni Àjàṣẹ́-Ìpo ń pe ẹni tí ó bá wà lórí oyè. Ìtẹ̀léra ni ó so àná mọ́ òní nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Ìyípadà dé, ṣùgbọ́n ó dé lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, lọ́wọ́ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é, ètò ohun náà kò sì dàrú.

Ẹnì kan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a kò lè pààrọ̀. Rárá o. Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà, ni àwọn ère òkúta wà tí iye wọn ju 800 lọ, tí wọ́n sì tìtorí wọn dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí tàbí apá ti dá lára wọn. Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò gbẹ́ orí tuntun lé ọrùn èyí tí orí rẹ̀ sọnù, kí ó sì wí pé òun tún un ṣe. Ẹ̀rí ni àwọn ère náà. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ wọn ni a ń wá lára wọn, ọwọ́ náà kò sì sí mọ́. Ohun ìlò yàtọ̀ sí èyí. A kì í tọ́jú okùn kànga nítorí pé ó ti pẹ́. Bí ó bá ti fẹ́ já, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìṣòro ọkọ̀ àtijọ́ ni pé ó jẹ́ ẹ̀rí, ó sì tún jẹ́ ohun ìlò. FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, kò ka ọkọ̀ sí irú èyí bí kò bá tó 30 ọdún, tàbí bí ó bá jẹ́ pé òun ni olówó rẹ̀ fi ń ṣe àlọ àti àbọ̀ ojoojúmọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tí a jogún lè gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó sì gbé iṣu wálé lọ́jọ́ Ajé. Nítorí náà, níbi tí ẹ̀rí àti ẹ̀mí ènìyàn bá ti forí gbárí, ẹ̀mí ni ó gbọ́dọ̀ lékè.

Ẹ̀mí sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́. Ọṣẹ ni àwọn kan fi ń dí ojú ibi tí táǹkì ti ń jò. Ó lè gbé ọkọ̀ délé, ṣùgbọ́n kò tún ohunkóhun ṣe. Àwọn mìíràn a gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó fi iná jó o. Wọn a rò pé táǹkì tí a ti ro epo inú rẹ̀ tán kò léwu mọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Oru epo tí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni ó ń bú gbàmù. Bí oru náà bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ìdá 100 ohun tí ó kún inú táǹkì, ẹ̀ta iná kan péré ti tó. Táǹkì tí epo kún dẹ́nu kò ní àyè fún afẹ́fẹ́, èyí tí ó ṣófo ni ó ní in. Oru náà sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í tètè jáde. Ta ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ tì í? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni, ọmọ tí kò ní ìpín kankan nínú ogún bàbá olówó ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá wí pé òun fẹ́ràn ohun àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a bi í pé ara ta ni ó fi ń san owó ìfẹ́ náà.

Wọn yóò ní owó ni kò sí, àti pé èyí tí ó wà lọ́jà lè jẹ́ ayédèrú. Ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí tipátipá pé kí ọkọ̀ máa rìn. Ẹni tí kò tíì ní owó táǹkì lè ro epo rẹ̀ dànù, kí ó gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji, kí ó sì dúró de ọjọ́ tí owó yóò dé. Àìlówó kò lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí a fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé táǹkì àtijọ́ náà gan-an ni ó wù ú, kí ó jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, kí ó gbé e sí igun ilé. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹ́ ẹ̀rí láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ó ku ìbéèrè kejì. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ọkọ̀ tí a bá wí pé kò sí ohun tí a pààrọ̀ lára rẹ̀ a máa gbówó lórí, nítorí náà ni àwọn tí ń tà á ṣe máa ń dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó rà á kò béèrè. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú kò tó ni táǹkì wà. Ẹnu wa nìkan ni ẹni tí ń rà á lè fi rí i. Bí ohun kan bá ti fara pamọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ọ̀rọ̀ tí a jẹ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa ti wúwo tó. Ìlànà FIVA tí wọ́n fi orúkọ ìlú Turin pè béèrè pé kí a máa kọ iṣẹ́ tí a bá ṣe lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó fún èyí: ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é, àti ibi tí èyí tuntun ti wá.

A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé òdì ojúlówó ni ayédèrú. Ó yẹ kí a fi kún un pé ohun tuntun kì í di ayédèrú nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ẹnu tí ó pe ohun kan ní ohun tí kò jẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di ayédèrú. Ọkọ̀ tí a fi táǹkì tuntun sí, tí a sì jẹ́wọ́ rẹ̀, ojúlówó ni. Èyí tí gbogbo irin rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí a purọ́ nípa ìrìn àjò rẹ̀ àti jàǹbá tí ó ti ṣe, ayédèrú ni lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Ní àkótán, ọkọ̀ náà ṣì ni, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ ohun tí ó jẹrà nínú rẹ̀ kí ó tó di ikú fún ẹlòmíràn. Ohun tí kò yẹ ni kí a bo ìpààrọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti táǹkì epo, iná lè ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí òtítọ́ tó dé.