Ogún Ọdún Pé, Ọ̀rọ̀ Eré Kò Tán

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Níbi ìdágbére la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: ẹnì kan fẹ́ rìnrìn àjò, ẹgbẹ́ kan fẹ́ tú ká, àwọn ọ̀rẹ́ parí ìwé mẹ́wàá, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Eré ni àwọn àgbà ní yóò dópin. Wọn kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ eré. Àwọn tó jọ gbá géèmù ní Sùúrùlérè tàbí Mọ́kọ́lá láyé 1995 ti di ìyá àti bàbá ọlọ́mọ. Ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan ò kúrò ní Ìbàdàn rí. Bí wọ́n bá pàdé lórí fóònù lálẹ́ Sátidé, fíìmù àtijọ́ àti géèmù tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti jẹrà ni wọ́n máa ń sọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn láti yàrá kejì lè rò pé àgbà yìí ò tíì gbọ́n. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìlànà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n máa bà á jẹ́ mọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Ìdí ọpọ́n ayò ni ìlànà náà ti ṣẹ̀ wá. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì ló ń ta á, ṣùgbọ́n ti gbogbo àwọn tó yí wọn ká ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀. Òǹwòran a máa sọ̀rọ̀ ju òǹtayò lọ. Wọ́n á pe ẹni tó ń jẹ ní ọ̀ta, wọ́n á pe ẹni tí wọ́n ń jẹ ní ọ̀pẹ, wọ́n á fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀pẹ náà á gbà á, nítorí ó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ọ̀hún kò ní tẹ̀lé òun délé. Kí wọ́n tó da ọmọ ayò padà sójúlé, wọ́n á ti béèrè ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, wọ́n á ti sọ ti òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ẹni tó bá dìde níbẹ̀ láì gbọ́ ìròyìn ẹnikẹ́ni, ayò nìkan ló ta.

Ẹ jẹ́ ká wá mú géèmù. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ayédèrú Famicom ni wọ́n, ẹ̀rọ tí Nintendo kọ́kọ́ tà ní Japan lọ́dún 1983. Wọ́n á kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ óò tàn án, ẹ óò rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kàn ń yí orúkọ padà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, a ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó tì í padà. Nintendo fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rinrin ẹnu lè ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá fún. (Láti 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀, “Up NEPA!” ò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni.)

Contra ni ìjiyàn rẹ̀ máa ń gbóná jù. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni géèmù náà ń fúnni. Ẹni tó bá yára tẹ òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A, ẹ̀mí rẹ̀ di 30. Ṣé òjóró ni, àbí ọgbọ́n? Òṣìṣẹ́ kan nílé-iṣẹ́ géèmù Konami, Kazuhisa Hashimoto, ló dá àṣírí yìí, inú géèmù Gradius ló sì kọ́kọ́ fi sí ní 1986, nítorí pé géèmù náà le jù fún òun fúnra rẹ̀ nígbà tó ń dán an wò. Ọ̀rẹ́ kan á ní bí ẹni tó ṣe é bá lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, kí ló wá kù fún àwa? Òmíràn á ní bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ro tiwọn náà nìyẹn. Ẹ fi ìjiyàn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká dá a lálẹ́ ọjọ́ kan ti sọ eré di ẹjọ́.

Ìwà kan sì wà tó máa ń bí mi nínú. Ẹnì kan ń gbìyànjú láti rántí nǹkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì délẹ̀, òmíràn ti fa fóònù yọ, ó ti bi Google. “Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Ọ̀pálábá nínú fíìmù Saworoidẹ, 1999 ló jáde.” Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Bí a bá ti fi ẹni tó ń rántí sílẹ̀ ni, ì bá gba ilé ẹni tó ní fídíò ládùúgbò kọjá, ì bá kan ìyá oníbúrẹ́dì tó máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kó tó dé ọ̀dọ̀ Fálétí, tàbí kó má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Tó bá yá, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló lé wa?

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Nítorí náà, a kì í bá ènìyàn jà lórí fíìmù tó yàn láàyò, ńṣe là ń tẹ́tí sí ìdí tó fi yàn án. Ẹ wo Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní 1997: Àjàní ọmọ yunifásítì, àti Àṣàkẹ́, àti Lọlá, àti Ṣadé. Lẹ́yìn fíìmù yẹn, ìró àti bùbá kúkurú gbòde, orúkọ fíìmù náà ni wọ́n sì fi pe aṣọ ọ̀hún. Bí ẹnì kan bá béèrè pé ta ló yẹ kí Àjàní fẹ́, ẹ má dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìdánwò. Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn tó kù. Ọkùnrin tó ti ń gbèjà Àṣàkẹ́ láti ìgbà èwe, tó wá ní lálẹ́ ọjọ́ kan pé Ṣadé ló mọ ayé, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. A kì í bi í níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ kejì là ń pè é.

Bákan náà ni Saworoidẹ. Lápité jọba Jogbo, ó kọ gbẹ́rẹ́ tí yóò so ó mọ́ májẹ̀mú ìlú, ó sì ń bá àwọn agégẹdú jẹ owó igi. Ọ̀rẹ́ tó bá pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Lápité ti tú gbogbo inú rẹ̀, láì sọ ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé e dànù. (Ní tèmi, fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ló ga jù. A ó jà á lọ́jọ́ mìíràn.) Bí ẹnì kan láàárín yín ò bá sì tíì wo fíìmù kan, ẹ má sọ òpin rẹ̀ fún un, bó ti wù kó pẹ́ tó.

A kì í sojú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án kà á. Kì í ṣe ilé gbogbo wa ni tẹlifíṣọ̀n wà, ká má tíì sọ ti géèmù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di “Sega lẹ ní nílé yín ni àbí Nintendo?”, ẹnì kan máa ń dákẹ́. Ó lè jẹ́ òun ló máa ń dúró lójú fèrèsé aládùúgbò, tí wọ́n ń lé, tó tún ń padà wá. Ká wá torí rẹ̀ má sọ̀rọ̀ Sega mọ́, ìkà mìíràn nìyẹn. Ìbéèrè ni ká yí padà: “Ìwọ ńkọ́, kí lo rántí?” Ẹni ojú fèrèsé mọ ohun tí ẹni tó di páàdì mú kò mọ̀. Ó mọ ẹni tó sunkún nígbà tí wọ́n nà án. Ó mọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ fa wáyà yọ nígbà tó rí i pé òun fẹ́ fìdí rẹmi. Nínú ìtàn géèmù tí mo ti gbọ́, ti àwọn ará fèrèsé ló dùn jù. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001 tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ejò inú Nokia 3310 kó púpọ̀ nínú wa sí ẹgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́.

Ìròyìn ilé kì í kan ilẹ̀kùn. Àárín “ṣé o rántí?” àti “irọ́ ni!” ló máa ń gbà wọlé: owó ilé-ìwé ọmọ, gáàsì tó wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, ìwé ìgbélùú tí kò tíì jáde. Ẹni tó sọ ọ́ lè sọ ọ́ tán, kó sì béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ta ló lágbára jù nínú Mortal Kombat. Ẹ dá a lóhùn. Ẹ ní Sub-Zero ni, ẹ ní Scorpion ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó fẹ́ sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò sì kún agbọ̀n: bí owó bá wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, ẹ má fi ìwàásù tì í lẹ́yìn, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń jiyàn. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ ṣì lè pe ọ̀rẹ́ náà ní ọ̀pẹ lálẹ́. Bí kò bá lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, olówó ló ba nǹkan jẹ́.

Ó ku ti àsìkò. Bí agogo 10 alẹ́ bá lù ní Ìbàdàn, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston nígbà ooru wọn, agogo 3 nígbà òtútù. Ojú ẹni tó wà lọ́hùn-ún ṣì mọ́ kedere, ẹni tí yóò jí ní ìdájí lọ wọ mọ́tò ló ń tòògbé. Kò yẹ kó máa tọrọ àforíjì kó tó lọ sùn. Kó ní ó dàárọ̀, kó lọ. Àwọn tó kù kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ń yún wọn lẹ́nu jù, kí wọ́n sọ bó ṣe fi ẹ̀mí 30 kú sí ìpele kìíní Contra, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí yóò ti rí i kà láàárọ̀.