Ẹja Inú Gíláàsì: Àlejò ni, tàbí Ìgbèkùn?

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Marseille kọ̀wé sí wa. Ó ní òun ti ra àpótí gíláàsì kékeré kan, irú èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní aquarium, tó ń gba lítà omi 80. Omi iyọ̀ ni ó fẹ́ rọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta àti iyùn ààyè, kí ó lè dà bí ìsàlẹ̀ òkun. (Iyùn tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ẹran omi kéékèèké ni, tó ń ti ara rẹ̀ kọ́ ilé bí òkúta.) Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹja wo ni kí n fi sí i?» A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dáhùn. A rántí ẹja aláwọ̀ aró inú fíìmù Nemo tí àwọn ọmọ kíláàsì wa fẹ́ràn, a sì ní kí ó ra ọ̀kan. Ó rà á. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹja náà kú. Àbúrò wa tún kọ̀wé: «Ṣé kí n ra òmíràn?»

Ikú ẹja kan kì í ṣe ohun tí à ń pe ìpàdé lé lórí. Ní Kétu níbí, ẹja gbígbẹ kún orí igbá lọ́jọ́ ọjà. A ń rà á, a ń jẹ ẹ́, a sì ń sùn dáadáa. Bí a bá sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé ikú ẹja kan ní Marseille ń dà wá láàmú, yóò fi wá rẹ́rìn-ín, a kò sì ní lè bá a wí. Síbẹ̀, ẹni tó pa ẹja jẹ ti parí ọ̀rọ̀ òun àti ẹja náà ní ọjọ́ kan. Ẹni tó fi ẹja sínú gíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni ó ń pinnu irú omi tí ẹja yóò máa mí, bí omi náà yóò ṣe gbóná tó, oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀, àti ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé. Nínú òkun, bí omi bá burú, ẹja a sá. Bí aládùúgbò bá le, a wá ihò mìíràn. Nínú àpótí, kò sí ibi tí yóò sá sí.

Orúkọ wo ni a ó pe irú ìbágbé bẹ́ẹ̀? Àwọn elédè Faransé tó ń sin ẹja ní ọ̀rọ̀ kan tó dùn létí: pensionnaire, bí ẹni pé ẹja náà ti sanwó oúnjẹ àti ibùsùn. Ṣé àlejò ni? Àlejò a máa dágbére. Ṣé ìwọ̀fà ni? Ìwọ̀fà ń sìn nítorí gbèsè, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà, ó di ilé. Gbèsè wo ni ẹja jẹ? Ọ̀rọ̀ tó kù fún wa ni ìgbèkùn. A kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ní Kétu, ìlú tí ogun Dàhòmì fọ́ ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ará rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. A kò fi ẹja wé ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ẹni tó bá de ẹ̀dá tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ọrùn ẹni náà ni gbèsè wà.

Ohun tó pa ẹja àbúrò wa kò fara sin. Ọjọ́ kẹta tí ó rọ omi sínú àpótí ni ó gbé ẹja wọlé. Omi náà mọ́ lójú, iyọ̀ rẹ̀ pé, nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ooru rẹ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n omi tí kò tíì ní ẹ̀mí ni. Ohun tí ẹja ń yọ lára àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù a máa di amóníákì, májèlé sì ni fún ẹja. Nínú àpótí tó ti gbó, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara òkúta àti inú iyanrìn a máa sọ amóníákì di nítíríìtì, tí òun náà ní oró. Àwọn mìíràn a sì sọ nítíríìtì di nítíráàtì, tí oró rẹ̀ kéré jù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í pọ̀ tó ní ọjọ́ kìíní. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí iṣẹ́ wọn tó gún. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iná ń tàn, omi ń yí, owó ń jó, ẹja kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ibí yìí ni ó dùn wá jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: a ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ àìmọye ìgbà. Nígbà tí ó kan àwa gan-an, tí kò sì ná wa ju ìbéèrè kan lọ, a kò bi í pé, «Ọjọ́ wo ni o rọ omi?»

A kò sì bi í bí àpótí náà ṣe gùn tó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹja aláwọ̀ aró yẹn, poisson-chirurgien bleu, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 bó bá dàgbà, alárìnká sì ni. Àpótí àbúrò wa kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ká ní kò kú, ìyà ni ìbá máa jẹ. Ẹja mandarin, tí ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, a máa ṣa àwọn ẹran omi tíntìntín jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Nínú àpótí kékeré tuntun, ebi ní í sábà pa á. Ti poisson-clown yàtọ̀. Nínú òkun gan-an, kì í jìnnà sí anémónì, ẹran omi tó dà bí òdòdó, tó fi ṣe ilé. Akọ ni gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ga jù láàárín wọn ní í di abo, bí abo náà bá sì kú, akọ rẹ̀ a di abo. (Fíìmù náà kò sọ èyí fún àwọn ọmọdé.) Méjì irú rẹ̀, pẹ̀lú ìgbín òkun mélòó kan tí yóò máa jẹ ewé omi tó ń hù lára gíláàsì, ti tó fún lítà 80. Ojú ọlọ́jà yóò fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tiwa náà yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibo ni a ti mú ẹja náà wá? Ní erékùṣù Banggai ní Indonéṣíà, ẹja kékeré kan wà tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin. Ẹyin náà kì í pọ̀, àwọn ọmọ kì í sì lọ jìnnà. Wọ́n kó o tà fún àwọn alápòótí gíláàsì débi pé ní 2007, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Ní Fílípíìnì, àwọn apẹja kan ń fọ́n májèlé cyanure sí ihò iyùn kí ẹja lè dákú. A kò lè fi ọwọ́ líle bá wọn wí láti orí àga wa, nítorí àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Ẹni tó ń ra ẹja náà láìbéèrè ni a lè bá wí.

Ìfẹ́ nìkan kò sì tó láti gbà wá nínú ẹ̀bi yìí. Jeanne Villepreux-Power, obìnrin Faransé kan, ṣe àpótí gíláàsì fún ẹran òkun ní Sicily ní 1832, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá argonaute ni ó ń ṣe ìkarahun ara rẹ̀ tàbí ó ń gba ti ẹlòmíràn. Ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ní 1854, Philip Henry Gosse, tó fẹ́ràn ẹran òkun tọkàntọkàn, tẹ ìwé jáde lórí àpótí omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ sí etíkun, wọ́n ń ṣa ohun tí wọ́n rí. Ọmọ rẹ̀, Edmund, sì kọ̀wé lẹ́yìn náà pé àwọn adágún inú àpáta tí bàbá òun fẹ́ràn ti di ahoro.

Àwọn kan ti dáhùn pé, «Ẹ ra èyí tí wọ́n bí sínú àpótí.» Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń sin poisson-clown bí a ṣe ń sin adìyẹ, èyí sì sàn púpọ̀, torí ẹnikẹ́ni kò jí i gbé láti inú òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí ìgbèkùn, inú ìgbèkùn náà ni ó wà, bí kò tilẹ̀ mọ ilé. Gbèsè náà dín kù ni, kò tán.

A kò sì lè fi ìtúsílẹ̀ san án. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé poisson-lion. Ní 1985, wọ́n rí ọ̀kan ní etí òkun Flórídà, níbi tí kò yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn tó ń sin ín ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ó ti tàn kálẹ̀ dé Kúbà, ó sì ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá.

Èyí ni a kọ ránṣẹ́ sí àbúrò wa, a sì fi kún un pé poisson-clown lè lo ogún ọdún nínú àpótí, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sì ku ọdún méjì. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní àpótí ti wà láìsí ẹja fún ọ̀sẹ̀ méje, àti pé òun ti lọ bá bàbá àgbà kan ní àdúgbò tó ń sin ẹja, kí ó lè gba àpótí náà lọ́jọ́ tí òun bá ń bọ̀ wá sílé. Bàbá náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn náà wà lọ́wọ́ wa báyìí. Wọ́n kọ «ẹja méjì» síbẹ̀, wọ́n sì fi ààyè ọjọ́ tí yóò rà wọ́n sílẹ̀ lófìfo.