Ànábì Mùsá Náà Sá fún Ejò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀rù Ẹranko Lójú Àjò



Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Ní ọdún 2014, mo gbéra láti Ìgèdè-Èkìtì níbí lọ sí ìlú Djougou ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, láti fi oṣù mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àáfà ibẹ̀. Láti Djougou ni èèyàn ti ń gba Natitingou lọ sí Tanguiéta, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà igbó ọba Pendjari. Kìnnìún, erin àti ẹfọ̀n ń bẹ nínú igbó náà. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ èyí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ejò tí à ń bá pàdé lóko kòkó, a mọ bí a ti í ṣe é. Kìnnìún ńkọ́?" Ó lọ gba tírà aláwọ kan wá, ó ní kí n dè é mọ́ ìbàdí.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní tawíìdì ní ilé kéú, mo gbà á, mo sì dè é. Mo sọ fún ara mi pé kí ọkàn ìyá mi lè balẹ̀ ni mo ṣe dè é. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Kò pé oṣù kan tí mo débẹ̀ tí àwa mẹ́rin fi ń lọ kí àáfà kan lápá Tanguiéta. Ọkọ̀ wa dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, ilẹ̀ sì ṣú. Abúlé kékeré kan la sùn sí, ní gbangba, lórí ẹní. Igbe ẹranko kan ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn ará abúlé ní ìkookò ni. Mi ò fojú kan oorun. Ọwọ́ mi kò kúrò níbi tírà náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, mo fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ Dendi, tí ó gbọ́ Yorùbá nítorí pé ó ti ṣòwò n'Íbàdàn rí, dá mi dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, gbọn bàtà rẹ ná." Mo gbọn ọ́n. Àkekèé kan já bọ́ sílẹ̀.

Gbogbo òru ni mo fi di tírà mú nítorí ìkookò tí kò sún mọ́ wa. Àkekèé wà nínú bàtà mi, tírà kò sì sọ fún mi. Ohun tí bàbá yẹn ṣe fún mi bá sunna mu: Ànábì wa kọ́ wa pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ sùn kọ́kọ́ fi etí aṣọ rẹ̀ gbọn ibùsùn, nítorí kò mọ ohun tí ó ti wọ ibẹ̀ lẹ́yìn òun.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé: ìbẹ̀rù ẹranko fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ka Sùúrà Tọ́ọ̀-Háà, Sùúrà Namli àti Sùúrà Kọsọsi. Lójú àjò ni Ànábì Mùsá wà, òun àti ìdílé rẹ̀, nígbà tí Ọlọ́hun ní kí ó sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pá di ejò. Mùsá yíjú padà, ó sá, kò bojú wẹ̀yìn. Ànábì ńlá ni o! Ọlọ́hun kò bínú sí i. Ó pè é padà ni, Ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ó ní kí ó gbé e. Àmọ́ ẹ má torí èyí lọ máa fọwọ́ mú ejò lóko. Mùsá gbọ́ àṣẹ kí ó tó gbé e. Ẹ̀yin kò gbọ́ àṣẹ kankan.

Ẹ̀kọ́ kejì: ibi tí ìbẹ̀rù bá gbé wa lọ ni ọ̀ràn wà. Uqbah ọmọ Ámir, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé èèyàn mẹ́wàá wá ṣe àdéhùn lọ́dọ̀ Ànábì. Ó gba ti mẹ́sàn-án, ó dáwọ́ dúró lórí ẹnì kan, nítorí oǹdè wà lára rẹ̀. Ìgbà tí onítọ̀hún já a kúrò ni Ànábì tó gba àdéhùn rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí èyí tí ó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ Al-Kùránì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo tú tèmi wò. Ìlà àti nọ́mbà tí èmi olùkọ́ kéú kò lè kà ni mo bá níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni mo fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́. Mo jó o níná, mo tọrọ àforíjìn.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ìgbáralé Ọlọ́hun kì í ṣe àìbìkítà. Ẹni tí ó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì náà ló kọ̀ fún arìnrìn-àjò láti sùn sójú ọ̀nà lóru, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹranko ń gbà kọjá. Ó kọ́ wa ní àdúà tí à ń ṣe bí a bá sọ̀ kalẹ̀ síbìkan: kí á fi àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí ó pé wá ìṣọ́ kúrò níbi aburú ohun tí Ó dá. Ẹ há a sórí, kò gùn.

Ẹ fi ti òde òní kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn tí ó tó 81,000 sí 138,000 ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yín lọ sí òkè ọya, ẹ wọ bàtà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lóru, ẹ má tọwọ́ bọ ihò. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ó máa rìn káàkiri; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn apa-oró ejò kíákíá. Ní Kaltungo, ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn kan wà tí a mọ̀ jákèjádò fún ìtọ́jú yìí.

Ní ti kìnnìún tí ìyá mi ń bẹ̀rù, àwọn olùṣèwádìí kọ ọ́ ní ọdún 2014 pé bíi 400 péré ló ṣẹ́ kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Èèyàn ló ń pa á run.

Ẹ rántí Ànábì Yaakuba. Ìkookò ni ó ń bẹ̀rù fún Yusufu. Ìkookò kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ sí kànga. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ròkè òkun, ẹ wo ẹni tí ẹ ń tẹ̀ lé kí ẹ tó wo igbó.

Nígbà tí mo padà dé, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ta ló wá ṣọ́ ẹ?" Mo ní, "Màámi, Ẹni tí Ó ń ṣọ́ ẹ̀yin náà nílé ni." Ó ní, "Ó dáa. Àdúà yẹn, kọ́ èmi náà."

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ẹ̀dá dí wa lọ́nà ìmọ̀ àti iṣẹ́ rere. Kí Ó ṣọ́ wa nílé, kí Ó ṣọ́ wa lájò. Àmín.