Àyè Ta Ni Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Tí A Fẹ́ Rà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ẹ̀dá, tí Ó sì tẹ ohun ìgùn lórí ba fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń ṣe ìkìlọ̀ fún ara wa àti fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, nínú ohun tí à ń jẹ, nínú ohun tí à ń wọ̀, àti nínú ohun tí à ń gùn.

Ohun tí à ń gùn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò àárín wa a máa béèrè léraléra pé, bí Ọlọ́hun bá fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ènìyàn, tí owó ọkọ̀ kan ṣoṣo pé sí i lọ́wọ́, èwo ni kí ó rà? Ṣé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré ni, èyí tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì, tí ó rẹlẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ènìyàn méjì péré ń jókòó sí dáadáa, tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú kí gbogbo àdúgbò bojú wẹ̀yìn? Àbí píkọ́ọ̀pù ni, irú Hilux, tí ó ga nílẹ̀, tí ó sì ní ẹ̀yìn gbalasa fún ẹrù? Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń gbé gun orí mímbárì. Lójú tiwa, ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ilé kíkọ́, ọkọ̀ rírà ni owó tí ó pọ̀ jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ná ní ọjọ́ kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sì gbà, ọkàn ti gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú àṣìlóye kan kúrò lọ́nà. Ẹ̀sìn wa kò sọ pé ohun tí ó lẹ́wà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Súrà An-Nahl, Súrà kẹrìndínlógún, Ọlọ́hun ka oore tí Ó ṣe fún wa lára ẹran ọ̀sìn. Ó mẹ́nu ba ẹrù wa tí wọ́n ń rù lọ sí ìlú tí a kì bá tí lè dé láìsí ìnira ńlá. Ó sì tún mẹ́nu ba ẹwà wọn nígbà tí a bá ń kó wọn wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àti nígbà tí a bá ń kó wọn jáde ní òwúrọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Ó ka ìgùn àti ọ̀ṣọ́ mọ́ ohun tí Ó dá wọn fún, Ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun ń dá ohun tí àwa kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní rí àwọn ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí nínú gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Nítorí náà, ìwúlò jẹ́ oore, ọ̀ṣọ́ náà sì jẹ́ oore.

Bẹ́ẹ̀ ni eré sísá kì í ṣe èèwọ̀. Ìwé hádíìsì Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Umar pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ṣètò ìdíje ẹṣin ní Mẹ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí a ti kọ́ sá láti Al-Hafya dé Thaniyyatul-Wada, àwọn tí a kò tíì kọ́ sì sá ìwọ̀n tí ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn sí ohun tí ń sáré kò tíì ṣe ohun tí a ó torí rẹ̀ bá a wí.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Hádíìsì kan tí Abu Hurayrah gbà wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹṣin pín sí fún àwọn tí ó ni ín: ó jẹ́ láádá fún ẹnì kan, ó jẹ́ ìbòrí fún ẹnì kejì, ó sì jẹ́ ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnì kẹta. Ẹni àkọ́kọ́ so tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, débi pé koríko tí ẹṣin náà jẹ di iṣẹ́ rere fún un, omi tí ó sì mu lẹ́bàá odò di iṣẹ́ rere, bí kò tilẹ̀ gbèrò láti fún un lómi. Ẹnì kejì ń fi tirẹ̀ wá ìjẹ, kí ó má bàa tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn, kò sì gbàgbé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun lára rẹ̀. Ẹnì kẹta ń fi tirẹ̀ ṣe fáàrí àti ṣekárími. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ẹṣin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Kò sí ìyàtọ̀ lára ẹṣin. Inú ẹni tí ó gùn ún ni ìyàtọ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n sì bi Ànábì nípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò dá òfin ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Súrà Az-Zalzalah, pé ohun tí ẹ̀dá bá ṣe, rere tàbí búburú, bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò rí i. Ohun ìgùn tí a kò dárúkọ nínú ìwé, ìwọ̀n yìí ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yìí náà ni kí á fi wo ọkọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ asáré. Òfin ojú pópó Nàìjíríà gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni láàyè láti sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 ní ojú títì ńlá, àti 100 ní ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré sì lè sá kọjá 250. Ta ni a wá ra 150 tí ó ṣẹ́kù fún? Bí a kò bá ní lò ó, ojú ènìyàn ni a rà á fún. Bí a bá sì lò ó ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ̀mí tiwa àti ẹ̀mí ọlọ́mọ mìíràn ni a gbé sórí àtẹ. Ẹ̀mí kì í sì í ṣe ohun ìní wa tí a lè fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ tún wo ti sàkáà. Nínú ìdájọ́ ẹ̀sìn, kò sí sàkáà lórí ọkọ̀ tí ènìyàn ń gùn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí lórí ilé tí ó ń gbé. Ṣùgbọ́n ọjà títà tí ó bá tó òdiwọ̀n, tí ọdún kan sì yí po lé e lórí, ìdá kan nínú ogójì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláìní. Ẹni tí ó ní ọjà ₦40,000,000 nínú ṣọ́ọ̀bù yóò yọ ₦1,000,000 lọ́dọọdún. Bí ó bá tú ọjà náà ká, tí ó fi ra ọkọ̀ fáàrí, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè sàkáà lórí rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń bọ́ opó, tí ó ń san owó oṣù ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ti jókòó sábẹ́ òrùlé kan báyìí, ó ń dán, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lóòótọ́, kò sí sàkáà lórí píkọ́ọ̀pù náà, nítorí irinṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣu tí ó bá kó láti Ṣakí wá sí ọjà Bódìjà, àti èrè tí ó bá tibẹ̀ jáde, ń padà sínú ìṣirò, àwọn aláìní a sì tún rí ìpín tiwọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní èsì kan tí kò yẹ kí á fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ayé òde òní ń wo ìrísí, pé oníbàárà ńlá kì í gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò bá jọ ẹni tí ó rí jájẹ. A mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ọkọ̀ fà wá, ọkọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ ni yóò fà á lọ. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: bí àgbà nínú oníṣòwò bá fi fáàrí ṣe àtẹ̀gùn, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lọ yá owó èlé kí wọ́n lè bá a dọ́gba. Ìṣòótọ́ àti pípa àdéhùn mọ́ lè má tètè mú oníbàárà wá, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń mú un dúró.

Ó wá kù sí píkọ́ọ̀pù. Ẹni tí ó bá rò pé òun ti là nítorí pé òun yan ọkọ̀ ẹrù, kí ó rọra. Píkọ́ọ̀pù tuntun lè gbówó lórí ju ọkọ̀ asáré tòkunbọ̀ lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe àmì ìrẹ̀lẹ̀. Ṣé a kò rí Hilux tí ń han gooro níwájú ọkọ̀ àwọn ẹni ńlá, tí ó ń lé arúgbó àti aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà? Ṣé a kò mọ ẹni tí ó ra ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní láti ọdún dé ọdún, tí aládùúgbò kò tó bẹ́ẹ̀ láti gbé àpò gaàrí kan sí i kí ọ̀dà má bàa bó? Ọkọ̀ yẹn ní àyè, ẹni tí ó ni ín ni kò ní àyè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, àtọkọ̀ asáré àtọkọ̀ akẹ́rù, bí a bá gbé e dí ẹnu ọ̀nà ilé onílé nítorí pé à ń sáré bọ̀ wá kírun, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa kọjá irú ọkọ̀. Òun ni pé: àyè ta ni ó wà nínú rẹ̀? Abu Sa'id al-Khudri gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé Muslim, pé nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wà ní ìrìn àjò, ọkùnrin kan dé tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì bí aláìní. Ànábì wá pàṣẹ pé kí ẹni tí ohun ìgùn bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ fi ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti wọ àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ àárín wa lọ́rùn. Àwọn tí ń wo ọ̀tún wo òsì kò jìnnà sí wa. Wọ́n wà ní ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀. Aláboyún kan lè wà láàárín wọn tí ọmọ yóò mú ní òru. Olóògbé lè wà tí ó yẹ kí á tètè gbé dé itẹ́.

Bí a bá fẹ́ pinnu, kí á bi ara wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, lẹ́yìn tí a bá ti san owó ọkọ̀ yìí, ṣé gbèsè tí a jẹ, sàkáà, owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti ìtọ́jú àwọn òbí wa yóò ṣì ní ọ̀nà tí a ó gbà san wọ́n? Èkejì, bí kò bá sí ojú ènìyàn kan tí yóò rí wa nínú rẹ̀, ṣé a ó ṣì rà á? Ẹ̀kẹta, yàtọ̀ sí àwa fúnra wa, ta ni yóò fi ọkàn rere gbàdúrà nítorí pé ọkọ̀ yìí wà ní àdúgbò? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, tí ó sì tún ní owó tó láti ra ọkọ̀ asáré, a kò ní sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ di haráámù fún un. Kí ó rà á, kí ó wà á ní ìwọ̀n tí òfin wí, kí ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ̀yìn tì í, èrò tiwa ni pé kí ó ra èyí tí ó lè gbé ju òun nìkan lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó kí ìrun ọ̀pá méjì, kí ó fi wá ìyàn rere lọ́dọ̀ Ọlọ́hun gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti kọ́ àwọn sàhábé rẹ̀, kí ó tó náwó.

Ànábì ní ràkúnmí kan tí ń jẹ́ Al-Adba, tí kò sí ràkúnmí tí ó lè yà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí tirẹ̀ dé, ó sì fi eré ya Al-Adba. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn Mùsùlùmí. Ànábì wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìlànà Ọlọ́hun ni, pé kò sí ohun tí yóò ga láyé tí Òun kò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa náà rí i, wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọkọ̀ tí ó yára jù lónìí, òmíràn yóò yà á lọ́la. Èyí tí ó lágbára jù, ìpẹtà yóò jẹ ẹ́. Ohun tí kò ní ṣá ni ẹrù ẹlòmíràn tí a bá a gbé.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun ìgùn wa, kí Ó ṣe é ní láádá fún wa, kí Ó má ṣe é ní ẹrù ẹ̀ṣẹ̀. Kí Ó dáàbò bo gbogbo arìnrìn-àjò wa lójú pópó, kí Ó ṣíjú àánú wo àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí ó ní àyè. Àmín.