Òkúta Ojú Ọ̀run àti Ẹnu Babaláwo



Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé òkúta dúdú wá bá mi nílé ní Ṣáṣá níbí. Oko bàbá rẹ̀ ló ti rí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi dá Ifá sí i. Tí Ifá bá ti lè sọ pé ojú ọ̀run ló ti já, dọ́là ni wọn ó fi rà á."

Òótọ́ ni pé òkúta ń já o. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, ọdún 1962, ní Zagami nílẹ̀ Katsina, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná lóko àgbàdo rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ariwo ńlá. Òkúta kan já lulẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 3 sí i, ó sì dá ihò sílẹ̀. Ó tó kílò 18. Ìgbà tó yá ni àwọn onímọ̀ rí i pé afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ bá ti Mars mu. Mars ló ti wá! Lónìí, gíráàmù-gíráàmù ni wọ́n ń tà á. Owó yìí ló ń dá àwọn ọmọ wa lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ilé wa náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Àwọn baba wa ní Ṣàngó ló ń sọ ẹdùn àrá. Nígbà tí mo ń ka ìtàn ní yunifásítì, mo kà pé Thurstan Shaw walẹ̀ ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní 1965, ó sì bá àáké olókùúta tí wọ́n lọ̀ dán níbẹ̀. Irú ẹdùn àrá gan-an ni. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló ṣe é. Òjò ló ń fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tí a fi ń rí i lẹ́yìn àrá.

Ṣé ó wá di yẹpẹrẹ? Rárá o. Mi ò gbé tèmi kúrò lójúbọ. Ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wa ló wà lára rẹ̀, mo sì ń júbà wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921: bí àrá bá jó ilé, àwọn olórìṣà Ṣàngó a kó ẹrù ibẹ̀, wọn a tún bu owó lé onílé. Ẹni tó bá wá fi òkúta sápò, tó lọ "wú" u jáde nílé ẹni tí àjálù bá, ṣé Ṣàngó tó kórìíra òpùrọ́ àti olè ló ń sìn?

Ohun tí ọmọ yìí sì ń fẹ́ kí n ṣe náà nìyẹn. Ọ̀sá Òtúrá ti kọ́ wa lọ́rọ̀ òtítọ́. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ òkúta ojú ọ̀run ni mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, àmọ́ ó ń fa òkúta ilẹ̀ míì náà. Kó gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó bínú. Ó ní babaláwo míì á bá òun sọ ọ́.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí màmá rẹ̀ bá ṣàìsàn, tó ní kí ẹnì kan bá òun bi Ifá, ẹnu wo ni yóò gbà gbọ́?